Ẹ Gbé Àwòrán Àǹtí Mi Kúrò Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Àǹtí mi kú sẹ́yìn ilẹ̀kùn kan ní òtẹ́ẹ̀lì tó ti ń ṣiṣẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì náà kọ ọ́ sára àwòrán rẹ̀ pé ó sùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Irọ́ funfun báláú. Ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn kò sùn.

Àbúrò màmá mi ni. Òun ló ń lọ aṣọ fún wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Gbọnrangandan la máa ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ibùsùn máa ń rí tó bá lọ̀ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà kì í wọ́. Nígbà tí mo ti abúlé dé, ṣẹ́ẹ̀tì mi rún bí ohun tí ewúrẹ́ jẹ tó sì tu dànù. Ó wò mí títí. "Ọkọ mi, ṣé ìwọ lo wọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí ni, àbí òun ló wọ̀ ẹ́?" Ó bọ́ ọ lọ́rùn mi, ó lọ̀ ọ́. Òun ni mo wọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́.

Ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ilẹ̀kùn kan wà tó já sí àtẹ̀gùn irin lẹ́yìn ilé. Nítorí iná ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì sọ pé ibẹ̀ làwọn àlejò ń gbé táwẹ́ẹ̀lì òun gbà sá lọ. Ló bá fi àgádágodo tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ti mọ́tò. Agolo pupa tí wọ́n fi ń pa iná ńkọ́? Wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn ilé ìdáná dúró kó má baà padé. Ó sì mọ iṣẹ́ yẹn ṣe dáadáa.

"Ọ̀gá, ẹ bá wa ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yìí."

"Àǹtí, ṣé iná ń jó ni?"

"Kò tíì jó ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Tó bá ń jó, mi ò ní ráyè ẹ̀bẹ̀."

Gbogbo ilé ìdáná rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà bá wọn rín in.

Lọ́sàn-án tí iná sọ ní ilé ìdáná, èéfín gba àtẹ̀gùn inú ilé. Àǹtí mi sáré lọ sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọ̀gá, ọ̀gá wà níbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn táwẹ́ẹ̀lì náà jóná. Ó kéré tán, àlejò kankan ò jí wọn.

Àwọn tó yẹ kó máa yẹ ilé wò nítorí iná ńkọ́? Wọ́n wá. Wọ́n jókòó sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, wọ́n mu ohun tútù, wọ́n yin àga. Ṣé àga ló ń tì mọ́ èèyàn ni?

Mo lọ kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n ti kun gbogbo òkè ní ọ̀dà tuntun. Àwòrán rẹ̀ dúró gàgàrà lórí tábìlì, òdòdó oníke yí i ká. Ọmọbìnrin tó ń gba àlejò tẹ̀ lé mi.

"Bọ̀dá, ṣé kò rẹwà?"

"Ó rẹwà. Kí ló dé tó jẹ́ ibí?"

"Ibí ló láyè jù. Kò sẹ́ni tó ń gba ibí kọjá."

Mo sún tábìlì. Ilẹ̀kùn yẹn náà ni. Àgádágodo tuntun ló wà lára rẹ̀, ó ń dán.

"Ẹni tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá lẹ gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀ yìí."

Ọmọbìnrin náà ní òun ò lè gbé e kúrò àfi tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i.

Ó dáa. Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ gbé e kúrò, ẹ já àgádágodo yẹn, àlejò ṣì ń sùn lókè níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àtàwọn tó mu ohun tútù yẹn wá síwájú adájọ́, kí ẹ ṣàlàyé fún ọkọ àǹtí mi bí táwẹ́ẹ̀lì ṣe ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Màá wà níbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ fún mi kẹ́yìn ṣì wà lórí ìkọ́, gbọnrangandan. Ọjọ́ yẹn ni màá wọ̀ ọ́.