Ẹni Kẹwàá Nínú Kíláàsì Ìṣirò

Corinne Haberman ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kó tó padà sílé ẹ̀kọ́. Á jí fún ẹlẹ́dẹ̀ bàbá rẹ̀ lóúnjẹ ní ìdájí, á wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn wọn má baà tẹ̀ lé e wọ kíláàsì, á sì wa ọkọ̀ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tó wà lẹ́yìn ilé ńlá tí àwọn àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí. Àwọn tó lọ sí yunifásítì ní Ames máa ń pè é ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Kí wọ́n máa wí. Níbẹ̀, olùkọ́ mọ orúkọ rẹ, ó sì lè béèrè iye ọmọ tí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ bí lánàá. Ẹni tó jókòó tì ọ́ lè jẹ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí kò tíì sùn láti àná.

Ṣùgbọ́n tibi tire la dá ilé ayé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá pé mẹ́wàá nínú kíláàsì kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà á wọ́gi lé e ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ostrander, olùkọ́ ìṣirò, ló sọ fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

“Corinne, ẹ ò ju mẹ́sàn-án lọ. Tó bá di ọ̀sán Fúráìdè tá ò rí ẹnì kan sí i, ó parí nìyẹn.”

Ayé rẹ̀ dojú rú. Ames ti gbà á láti wá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, bó bá ti lè parí ìṣirò yìí kó tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ. Corinne sì mọ ara rẹ̀: bó bá lo ọdún kan sí i nídìí ẹlẹ́dẹ̀, kò níí kúrò mọ́ láéláé.

Ó bẹ aṣerunlóge pé kó wá forúkọ sílẹ̀, ó bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tó ń wọn àgbàdo àwọn àgbẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín.

“Ìṣirò kẹ̀? Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń sùn, fi orúkọ mi sí i.”

Nídìí oúnjẹ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó sọ ọ́ fún Duane, bàbá rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dun bàbá náà, ọmọkùnrin rẹ̀ ti ṣí lọ sí Denver, Corinne nìkan ló kù tó ń ràn án lọ́wọ́.

“Bóyá Ọlọ́run ló fẹ́ kó o dúró,” ni Duane wí.

“Dádì, ẹ̀yin lẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi Ọlọ́run bojú.”

Bàbá náà ń gé ẹran rẹ̀ lọ. Corinne kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kò kó o jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó lọ sí ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì láti gbọ́ ìròyìn burúkú. Akọ̀wé ibẹ̀ wo ìwé, ó ní wọ́n ti pé mẹ́wàá. Inú Corinne dùn débi pé kò béèrè ẹni tó jẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Ostrander ń pe orúkọ.

“Duane Haberman?”

“Mo wà níbí.”

Gbogbo kíláàsì yí ọrùn. Bàbá náà jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ti fá irùngbọ̀n, ó fi fìlà sórí orúnkún. Ara Corinne kò gbà á títí kíláàsì fi parí. Ó sáré bá a nídìí ọkọ̀.

“Dádì, kí lẹ mọ̀ nínú ìṣirò yìí?”

“N ò mọ nǹkan kan. Òdo ni màá gbà. Mo bi olùkọ́ yín, ó ní wọn ò kọ olódo.”

“Ẹ mọ̀ pé tí mo bá parí ẹ̀, mo ń lọ nìyẹn?”

“N ò kàwé, Corinne, àmọ́ mo mọ ìyẹn.”

Omi lé sí Corinne lójú. Duane ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó rọra gbé ẹ̀yìn tó ń dùn ún wọlé, ó wá yọrí síta.

“Tó bá di ọ̀túnla, wá jókòó tì mí. N ò mọ ojú ìwé tí wọ́n wà.”