Ẹni Tó Bá Gbé Òpó, Á Gbá Bọ́ọ̀lù

Gbọ́lágadé kò lè jókòó. Bẹ́ǹṣì gígùn wà níwájú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Elelenwo, ṣùgbọ́n bó ṣe ń jókòó ló ń dìde. Ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó tún un dì. Nígbà tó dìde lẹ́ẹ̀kẹfà, Hannah ìyàwó rẹ̀ di etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú.

"Bàbá Fèyí, ṣé èèrà wà lórí bẹ́ǹṣì ni, àbí ẹ̀yin gan-an lẹ di èèrà?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Wọ́n ti pẹ́ jù nínú ilé yẹn."

"Ẹ̀yin náà ti pẹ́ jù lẹ́nu ife kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́rin!"

Hannah nìkan ló lè sọ irú rẹ̀ kí Gbọ́lágadé má fajú ro. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn ìgbìmọ̀ ń jíròrò bóyá kí wọ́n fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kóòṣì ikọ̀ bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà, àbí kí wọ́n gba fèrè lọ́rùn rẹ̀.

Wẹ́dà ni, ọmọ Ìkirè ni. Ọdún 1999 ló gbé báàgì kan wọ Port Harcourt, ó ní oṣù mẹ́ta péré lòun fẹ́ lò. Oṣù mẹ́ta náà kò tíì pé títí dòní. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, á máa jó irin mọ́ irin ní Trans-Amadi. Tó bá di Sátidé, á so fèrè mọ́rùn, á sì di ẹlòmíràn: ẹni tí kì í jágbe mọ́ ọmọ tirẹ̀ nílé, á máa jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí pápá. Ikọ̀ rẹ̀ ń na ará Mile One, ó ń na ará Amadi-Ama, ó ń na ẹni tó bá yọjú. Ṣùgbọ́n tí oṣù Kejìlá bá dé, tí àṣekágbá bá kù, wọ́n á fìdí rẹmi. Ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó fà á. Pápá tí wọ́n ń lò kò ní òpó gólù, ni Gbọ́lágadé bá fi irin jó méjì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ níta, àwọn olè irin á ti gbé e kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, gbogbo Sátidé ni wọ́n ń rù ú láti gbọ̀ngàn lọ sí pápá, ọkùnrin mẹ́fà sí ọ̀kan. Bí òjò bá sì rọ̀, wọ́n á fi korobá gbọ́n omi kúrò nílẹ̀. Faruk àti àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù kì í dé títí pápá á fi gbẹ. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gbá ló ń rù ú, Pius sì ni olórí wọn. Oníkẹ̀kẹ́ Maruwa ni Pius, ìyá rẹ̀ ará Ìjẹ̀bú, bàbá rẹ̀ ará Ikwerre. Ó ti lé lógójì ọdún, bọ́ọ̀lù kò sì tíì mọ̀ ọ́n lójú.

Òfin Gbọ́lágadé kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó bá gbé òpó, á gbá bọ́ọ̀lù. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gbẹ̀yìn, á yọ Faruk, á fi Pius sí i. Tí wọ́n bá ti jẹ gólù mẹ́ta, kí Pius bà á jẹ́ bó ṣe wù ú. Àmọ́ ní àṣekágbá, tó jẹ́ ọ̀kan sódo, bẹ́ẹ̀ náà ni Gbọ́lágadé á ṣe. Èyí tó dùn wọ́n jù ni pé òpó wọn ni àwọn olùṣètò ìdíje ń yá fún àṣekágbá. Orí ara wọn ni wọ́n fi ń ru òpó lọ síbi tí wọ́n á ti nà wọ́n.

Ilẹ̀kùn ṣí. "Kóòṣì, ẹ wọlé."

Alága Adégbénga, ọ̀gá ní báǹkì kan, na bébà sí i. "Ẹ̀gbọ́n, a ò fẹ́ lé yín. Ẹ kàn fọwọ́ sí i pé ní àṣekágbá, ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù nìkan ló máa gbá a. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a máa wá ẹlòmíràn."

Gbọ́lágadé mú bírò, ó gbé e sílẹ̀, ó tún un mú. "Alága, tí òjò bá rọ̀ ní Sátidé, ta ló máa gbé òpó? Ṣé bébà yìí ni?"

Ni Pius, tó ń ṣojú àwọn agbábọ́ọ̀lù, bá dìde.

"Kóòṣì, abeg, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi! Why e be say na when everywhere don hot lẹ máa ń jù mí síbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Kí n tètè bà á jẹ́, kí Faruk lè ráyè tún un ṣe."

Ẹ̀rín sọ. Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ jígí ojú. Ṣùgbọ́n kò fa bébà ya, ńṣe ló ká a sápò. "Ó dáa. Ọdún kan. Tá a bá tún pàdánù, fèrè yẹn máa kúrò lọ́rùn yín."

"Èmi fúnra mi ni máa bọ́ ọ," ni Gbọ́lágadé wí.

Oṣù Kejìlá dé, àṣekágbá bọ́ sí Amadi-Ama. Pius àti àwọn tó ń gbé òpó ló bẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, ó fi bọ́ọ̀lù lé ọ̀tá lọ́wọ́ bí ẹni ń bu omi fún àlejò. Gólù!

"Ó ti bà á jẹ́!" Hannah pàtẹ́wọ́. "Ó sì bà á jẹ́ lásìkò!"

Gbọ́lágadé rìn léteetí pápá títí koríko fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Ní ìdajì wákàtí, Faruk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó di ọ̀kan sọ́kan, ó di méjì sọ́kan. Gbọ́lágadé di fèrè mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú lójú títì. Ó ku ìṣẹ́jú kan, Faruk dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn, ọ̀tá sì já a gbà. Méjì sí méjì. Nígbà tí wọ́n dé orí pẹnárítì, Faruk ló gbá èyí tó kẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù lọ lu òpó tí Faruk kò gbé rí láyé rẹ̀, ó dún gbọ̀n-ìn.

Ọdún karùn-ún.

Gbọ́lágadé bọ́ fèrè, ó mú un tọ Alága lọ. Alága wo fèrè náà, ó wo àwọn tó ń tú òpó. Iṣan ti fa Pius lẹ́sẹ̀, èèyàn kan ló dín. Alága ká apá kàfùtánì funfun rẹ̀ sókè, ó lọ dúró sí àyè Pius.

"Ẹ̀gbọ́n Kóòṣì, ẹ wá di ibí yìí mú! Ó wúwo o!"

"Yéè! Alága gbé òpó!" Hannah fò sókè. "Ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ nìyẹn o!"

Gbọ́lágadé so fèrè padà mọ́rùn, torí ọwọ́ méjèèjì ni òpó ń fẹ́.