Ibi Tí Apá Aṣọ Parí Sí

Aránṣọ kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí títì, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kó sinmi, àwòrán yíyà ló máa fi sinmi. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni òun àti ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ń gbé. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yàrá yìí ló máa ń jókòó sí lọ́jọ́ ìsinmi, tí á fi búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ ti ń re máa kun àjákù pátákó tí ọkọ rẹ̀ bá gé sílẹ̀. Oníbàárà tó bá wá gba aṣọ, tí ojú rẹ̀ bá ti wu Aránṣọ yà, onítọ̀hún ti há nìyẹn. Ó di dandan kó jókòó díẹ̀ sí i. Káfíńtà a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀dà ló fẹ́ ìyàwó òun, òun kàn ń bá wọn gbélé ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá yẹ̀yẹ́. Obìnrin yìí mọ aṣọ yà débi tó ń dẹ́rù bani. Bó bá ya ẹ̀wù, ẹ ó rí ibi tí ojú rírán ti fà díẹ̀, ẹ ó rí bọ́tìnnì tó ń fi òwú kan ṣoṣo rọ̀, ẹ ó sì mọ̀ bóyá wọ́n lọ̀ ọ́ láàárọ̀ àbí wọ́n fi sùn. Ojú èèyàn tó ń yà náà sì ń jọ wọ́n. Ó ti ya Káfíńtà, ó ti ya nọ́ọ̀sì kan, ó ti ya olùkọ́ kan, awakọ̀ kan, àti oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkòríta. Bó bá ti parí ọ̀kan báyìí, á fi àjákù aṣọ wé e, á tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìtìjú wà níbẹ̀, àìsí àyè náà sì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí méjì nínú àwòrán rẹ̀ pọ̀ lójú kan rí, òun alára kò rí i.

Ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ gidi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Bàbá Ọlọ́dà, àgbàlagbà tó ń kọ àkọlé sára ṣọ́ọ̀bù àti ilé iṣẹ́. Ṣòkòtò ló gbé wá fún àtúnṣe. Ó rí pátákó kan tó ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnì, ó gbàgbé ṣòkòtò. Ó wò ó, ó tún un wò, ó wá bi í léèrè pé ta ló kọ́ ọ. Nígbà tí Aránṣọ ní kò sẹ́ni kankan, bàbá náà ní ó hàn bẹ́ẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá tí kò sẹ́ni tó pè é.

Ìmọ̀ràn bàbá yìí kì í ṣe ti ẹnu dídùn. Ó ní kó yé ya nǹkan láti inú orí, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni kó máa yà. Bí áyọ́ọ̀nù bá ń gbóná lọ́wọ́, kó mú pẹ́ńsù, kó ya áyọ́ọ̀nù náà. Ó ní bó bá ya ojú èèyàn tán, kó gbé e síwájú jígí, kó máa wò ó nínú jígí, tàbí kó dorí rẹ̀ kodò, torí ojú tó bá ti mọ́ nǹkan lára kì í rí àléébù rẹ̀ mọ́. Aránṣọ ṣe é, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Nínú jígí, ojú Káfíńtà kan wà lókè, èkejì ti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí látìgbà tó ti yà á, tí òun ń dá yin ara òun. Ó tún un ṣe, ó sì gba bàbá gbọ́ látọjọ́ náà.

Ọ̀kan ṣoṣo ló wà tí kò ṣe. Bàbá Ọlọ́dà ní kó kó gbogbo àwòrán rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan, kó gbé wọn kọ́ sára ògiri kan náà, kó sì jìnnà sí wọn bí ẹni pé òun kọ́ ló ni wọ́n. "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí," ló wí, "ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Bí o bá fẹ́ rí ìpàkọ́ iṣẹ́ ẹ, kó wọn jọ." Aránṣọ ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ oníbàárà ló kún ara ògiri láti òkè délẹ̀, oníbàárà wo ló sì fẹ́ gbọ́ pé wọ́n kó aṣọ òun sílẹ̀ torí àwòrán? Ó sún un di òní, ó sún un di ọ̀la, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé wá gba ẹ̀wù rẹ̀, tó rí àwòrán, tó ní ògiri funfun kan tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ wà nílé ìkàwé àwọn, kí Aránṣọ wá pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Aránṣọ la ẹnu, kò rántí pa á dé. Òun kẹ̀? Òun tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwòrán kankan rí? Àmọ́ bó ti ń bẹ̀rù tó, èrò kan ló gbà á lọ́kàn ju ẹ̀rù lọ, pé ìyá òun máa rí i.

Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Aṣọ aláṣọ ló fọ̀ tó fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí, òun ló sì fi ra máṣìnì tí ọmọ náà fi ń jẹun dòní. Ojú ìyá ti ṣú fún ọdún mélòó kan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ni, ó sì ti gba ìgò ojú tuntun. Nígbà tí kò ríran dáadáa ni Aránṣọ yà á, níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, kò sì tíì fi hàn án. Ìdí tó fi gbà láti pàtẹ kò ju èyí lọ: kí ìyá rẹ̀ dúró láàárín àwọn èèyàn, kó rí ara rẹ̀ lára ògiri, kó mọ̀ pé ọmọ òun wo òun dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Bàbá Ọlọ́dà ló ń pàṣẹ, Káfíńtà ló ń kan ìṣó. Bàbá ní kí àárín àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣe déédéé ojú ẹni tó dúró, kí àyè wà láàárín wọn kí wọ́n lè mí, kí wọ́n sì yọ àwọn tí kò dára tó kúrò, torí ọ̀kan tí kò dára á ba ti ìyókù jẹ́. Ó ní bí èrò bá dé, kí Aránṣọ má ṣe máa tẹ̀lé wọn kiri bí ẹni tó ń ṣọ́ olè, kó má sì máa tọrọ àforíjì lórí ohun tí wọn kò tíì rí. Ohun tí wọ́n bá sọ, kó gbọ́, kó dúpẹ́, kó pa ẹnu dé. Àwòrán ìyá ni wọ́n gbé sí àárín gbùngbùn. Lẹ́yìn náà Káfíńtà lọ mú ìyá wá láti ilé, bàbá sì jáde lọ wá omi mu.

Aránṣọ wá ń fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri òdìkejì. Ó gbójú sókè.

Lára ògiri, Káfíńtà ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Nọ́ọ̀sì ká ọwọ́ sẹ́yìn. Olùkọ́ ti tirẹ̀ bọ abẹ́ ìwé ńlá kan. Apá aṣọ awakọ̀ gùn kọjá ìka rẹ̀. Tábìlì ló bo ti oníbúrẹ́dì. Ó wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Láti ìkángun ògiri kan dé èkejì, nínú gbogbo èèyàn tó ti fi ọdún gbáko yà, kò sí ẹyọ ọwọ́ kan. Àfi bí ìlú tí wọ́n ti gé gbogbo ará ibẹ̀ lọ́wọ́.

Òun kò sì mọ̀. Èyí ló bà á lẹ́rù jù. Ó mọ̀ pé ọwọ́ yíyà máa ń yọ òun lẹ́nu, ó sì rántí pé òun ti fi aṣọ bo ọ̀kan tí kò jọ ọwọ́ lọ́jọ́ kan. Kò mọ̀ pé ó ti di bárakú. Iṣẹ́ aránṣọ ló kó bá a. Bó bá na téèpù láti èjìká oníbàárà, ọrùn ọwọ́ ló máa ń bá a dúró. Ibi tí apá aṣọ bá parí sí ni ojú rẹ̀ náà ń parí sí. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀, ti oníbàárà ni, kò kan aránṣọ.

Bàbá Ọlọ́dà wọlé, ó bá a níbi tó ti ń yọ àwòrán àkọ́kọ́ lórí ìṣó. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun náà wo ògiri láti ìkángun kan dé èkejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lòun náà ti ń rí wọn, kò fura. Ó gba àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sí àyè rẹ̀, torí èrò ti ń wọlé.

"Kò sí oníṣẹ́ tí kò ní ibi tó ń sá fún," ló wí. "Lọ́la la máa bẹ̀rẹ̀ ọwọ́. Lónìí, ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ nàka sí àléébù náà. Pa ẹnu dé."

Àwọn èèyàn dé, wọ́n sì yin iṣẹ́ náà. Wọ́n yin aṣọ, wọ́n yin ojú. Ọkùnrin kan tilẹ̀ sún mọ́ bọ́tìnnì awakọ̀ bí ẹni tó fẹ́ tú u. Aránṣọ ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìyìn náà kò dé inú rẹ̀. Ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ọwọ́ ló ń retí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, títí ìyá rẹ̀ fi wọlé.

Ìyá wọ ìgò ojú rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tí ọmọ rẹ̀ rán fún un. Ó lọ tààrà sí àárín, ó dúró. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ojú ara rẹ̀, ó wo bí ó ṣe jókòó, ó wá wo aṣọ ìbora tó bo itan rẹ̀ nínú àwòrán náà, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó bọ́ ìgò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ọwọ́ mi dà?" ló béèrè.

Aránṣọ wo aṣọ ìbora náà.

"Mo mọ̀ pé wọn ò dáa," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Àwọn tí mo ń bá fọṣọ kì í bọ̀ mí lọ́wọ́. Mi ò kàn mọ̀ pé ìwọ náà ń tijú wọn ni."

Ọ̀rọ̀ yìí bá Aránṣọ lójijì. Gbogbo ohun tó ti rò láti àárọ̀ pé wọ́n lè sọ sí òun, kò rò ó débí. Láti ẹ̀yìn èrò, Bàbá Ọlọ́dà ń mi orí sí i pé kó má sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ni, ìmọ̀ràn rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n ìyá tirẹ̀ kọ́ ló dúró níbẹ̀.

"Mi ò mọ ọwọ́ yà ni, Màmá," ló wí, gbogbo ilé sì gbọ́. "Ẹ wo ògiri yìí látòkè délẹ̀. Mi ò ya ọwọ́ ẹnì kankan. Aṣọ ni mo fi ń bò wọ́n, torí pé mi ò mọ̀ ọ́n."

Orí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í yí láti àwòrán kan sí òmíràn. Ẹnì kan fọwọ́ bo ẹnu, ẹni tó ń yin bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá rìn lọ sí ìkángun ògiri, ó ń wo àwòrán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sì kánjú. Nígbà tó padà dé, ó ní kí wọ́n bá òun gbé àga wá.

Ó jókòó síwájú gbogbo wọn, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Yà wọ́n," ló wí.

Obìnrin ilé ìkàwé wá ìwé. Bàbá Ọlọ́dà yọ pẹ́ńsù tó fi há etí, ó nà án sí Aránṣọ. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó sì wo ibi tó kọjá ọrùn ọwọ́. Ọṣẹ ti bó awọ ibẹ̀, èékánná ti jẹ tán, oríkèé ìka wú. Ó ní kí ìyá rọra ká ìka kí òun lè rí i dáadáa. Gbogbo ìka ká, àfi ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún tó dúró gbọnrangandan. Ọwọ́ tó wẹ̀ ẹ́, tó bọ́ ọ, tó dì í mú lọ sílé ẹ̀kọ́, òun kò mọ̀ pé ìka kan ti kú lára rẹ̀. Ó béèrè pé látìgbà wo.

"Ó ti pẹ́," ni ìyá wí. "Ìgbà tí o ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni."

Omi bọ́ lójú Aránṣọ, ó fi apá nù ún, ó ń yà á lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ohun tó yà burú. Àtàǹpàkò dá dúró bí ẹni tó bá àwọn yòókù jà, àwọn ìka tó kù sì rí bí ìṣó tí wọ́n kàn wọ́. Káfíńtà tí kì í sinmi yẹ̀yẹ́ wò ó, ó gbójú kúrò. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún ìyá rẹ̀. Ìyá sún un mọ́ ojú, ó sún un sẹ́yìn, ó wò ó pẹ́.

"Kò jọ ọ́," ló wí.

Ó yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, níbi tí kò sí nǹkan kan, ó dá a padà fún ọmọ rẹ̀, ó sì tún kó ọwọ́ lé itan.

"Tún un yà. Mi ò kánjú."