Ta Ló Wà Nínú Nọ́ńbà Bàbá Làmídì?

Kì í ṣe pé ẹnìkan ló sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún mi. Ojú mi méjèèjì ló rí i, lọ́sàn-án gangan, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́níyà, nígbà tí àwọn ènìyàn ń kọjá lọ kọjá bọ̀ níwájú ilẹ̀kùn. Mi ò mutí, Mùsùlùmí ni mí. Ibà kò sì ṣe mí lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó ṣáà kà á dé ìparí, torí ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà kan ẹnìkan nílé rẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Mo ń bá ènìyàn tẹ ìwé, mo ń ṣe fọ́tókọ́pì, mo sì ń lámínétì káàdì kó má baà tutù. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni gbogbo àwọn ọlọ́kadà ń pè mí. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbé èrò ni mo wà, àwọn ni oníbàárà mi jù.

Àwọn kan wà nínú wọn tó ń gun ọ̀kadà kọjá bọ́dà. Wọ́n á gba Ìjàyè dé Ìsẹ́yìn, wọ́n á gba ọ̀nà Ìgànná, wọ́n á sì bọ́ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, títí dé Kétu. Ọjà ni wọ́n ń gbé lọ, ọjà náà ni wọ́n ń gbé bọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, ìwé tó máa kó dání kò kéré. Ó gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì tó fi hàn pé ó mọ ọ̀kadà gùn, kó ní páálí tó fi hàn pé òun ló ni ín, kó tún ní inṣọ́ránsì. Inṣọ́ránsì tiwa nílé kò sì tó. Bí o bá ti kọjá bọ́dà, káàdì búráùn ni wọ́n á béèrè lọ́wọ́ rẹ. Òun ni inṣọ́ránsì tó ń gbani sílẹ̀ bí o bá kọ lu ènìyàn lọ́hùn-ún, tàbí bí ẹnìkan bá kọ lù ọ́.

Ta ló ń ṣe gbogbo èyí? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Wọ́n á fún ọlọ́pàá ní nǹkan, wọ́n á sì kọjá. Nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀, Bàbá Làmídì nìkan ni ìwé rẹ̀ pé.

Àgbẹ̀ ni Bàbá Làmídì, abúlé kan lọ́nà Ìjàyè ló ń gbé. Ata gbígbẹ ló máa ń dì sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí Kétu. Àwọn ọlọ́kadà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Bàbá Oníwèé. Inú ọ̀rá ló ń kó gbogbo ìwé rẹ̀ sí, á sì so ó mọ́ àyà lábẹ́ dàńṣíkí. Bí wọ́n bá ń fi í rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹni tó ní ìwé ló lẹ́nu."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sí ọ́fíìsì wọn nínú ìgboro Ìbàdàn kí wọ́n tó fún un ní káàdì búráùn yẹn. Lọ́jọ́ tó gbà á, kò lọ sílé, ọ̀dọ̀ mi ló gbà wá. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Rọra o, ọmọ mi. Ẹ̀rí mi nìyẹn."

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ẹ́ nìyí.

Gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí, a máa ń fi iṣẹ́ oníbàárà pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, torí pé ìwé lè sọ nù kó sì padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi káàdì Bàbá Làmídì pamọ́. Kò pẹ́, ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Káámílù wọlé tọ̀ mí wá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi ṣe irú ti Bàbá Oníwèé."

Mo pa orúkọ Bàbá rẹ́, mo kọ orúkọ Káámílù sí i. Nọ́ńbà tó wà lórí káàdì Bàbá ni mi ò fọwọ́ kàn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyí: bí o bá dá nọ́ńbà sílẹ̀ fúnra rẹ, tí wọ́n bá fóònù ọ́fíìsì, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nọ́ńbà tòótọ́, wọ́n á ní ó wà lọ́dọ̀ àwọn. Mo rò ó nínú ara mi pé nọ́ńbà kì í ṣe aṣọ, kò lè gbó bí ènìyàn méjì bá wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn Káámílù, mo ṣe é fún Ṣọlá tó wà ní Ṣáṣá. Mo tún ṣe é fún ọkùnrin kan tó ní Ẹgbẹ́dá lòun ti wá, àti òmíràn láti Lálùpọn. Ẹnì karùn-ún ni ọkọ tèmi gan-an, Bàbá Sọfíyá, tó máa ń lọ ra bàtà òkìrìká bọ̀ láti ọ̀hún. Tiẹ̀ ni mo ṣe dáadáa jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lámínétì rẹ̀.

Àfi bí Káámílù ṣe kọ lu ọmọbìnrin kan lẹ́yìn bọ́dà. Ọmọ náà kú. Káámílù já ara rẹ̀ gbà, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ sá wálé, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ nọ́ńbà tó wà lórí káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ fún mi. Àwa kàn ń rí i tó ń mu gààrí lábẹ́ igi ní Mọ́níyà ni.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni ọkọ̀ gbá Bàbá Làmídì lọ́nà Kétu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ló kán. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ó yọ ìwé rẹ̀ láyà, ó ní ìwé òun pé. Wọ́n fóònù láti yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò, wọ́n sì bi í pé ṣé òun kọ́ ló pa ọmọbìnrin kan tó sì sá lọ?

Làmídì ọmọ rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n fi bàbá òun sí, ọlọ́pàá ń ṣọ́ ọ, dókítà kankan kò fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ kẹta ni Làmídì débẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú. Ó ní ohun tí bàbá òun ń sọ títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ta ló wà nínú nọ́ńbà mi?"

Mo gbọ́ ọ, mo sì panu mọ́. Mo lọ síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, mo ṣe àmín, mo jẹ ìrẹsì. Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n bá mi di díẹ̀ lọ sílé.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ni, ìrun Àìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn: iná kò sí láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ mi sì wà lọ́dọ̀ oníṣẹ́. Kò sí ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi àfi aago ara ògiri. Mo dorí kodò, mò ń to ìwé.

Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ilẹ̀kùn. "O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Ọlọ́run ló mọ̀, ẹnu mi ti dá a lóhùn kí ọkàn mi tó rántí pé mo ti jẹ ìrẹsì òkú rẹ̀.

Mo gbójú sókè. Dàńṣíkí yẹn náà ló wọ̀. Erùpẹ̀ pupa kún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ti yí, gìgísẹ̀ ló kọjú sí mi. Òórùn ata gbígbẹ gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù, ó há mi lọ́fun. Lóde, mò ń gbọ́ oníbúrẹ́dì tó ń polówó.

Kò jókòó. Ó tẹ̀ síwájú, ó rọra béèrè, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ìta gbọ́. "Ènìyàn mélòó ló wà nínú nọ́ńbà mi?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni." Ẹ ẹ̀ rí i bí? Òkú ni mò ń purọ́ fún.

Kò bá mi jiyàn. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ̀wé. Ẹ̀rọ tí kò níná yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ó ń pọ ìwé jáde, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi pé márùn-ún. Káàdì búráùn ni gbogbo wọn. Káámílù ló ṣáájú, Bàbá Sọfíyá ló kẹ́yìn.

Ó fi àtàǹpàkò nu erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ Káámílù, bí ẹni ń fọwọ́ sí ìwé. Ó ní, "Èyí ti dé ọ̀dọ̀ mi láàárọ̀."

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ foríjì mí. Ọkọ mi wà níbẹ̀."

"Ìwọ lo fi í síbẹ̀. Bọ́dà ni mo wà, mò ń yẹ ìwé wò. Màá gba nọ́ńbà mi lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó yípadà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ jáde. Mo rí oníbúrẹ́dì tó yẹra fún un lọ́nà tó sì sín lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní òun kò rí ẹnìkankan, ata kan ló ta òun nímú.

Kó tó di alẹ́ ni ìròyìn Káámílù dé. Ojú ọ̀nà tó mọ́ fo ló ti ṣubú nítòsí bọ́dà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ọkọ̀ níwájú, kò sí lẹ́yìn. Ó ti kú.

Ọ̀nà Kétu ni ọkọ mi wà lọ́jọ́ náà. Mo pè é títí, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ọjọ́ kejì ló wọlé pẹ̀lú àpò bàtà rẹ̀, mo sì dì mọ́ ọn ní gbangba bí ìyàwó ojú ọ̀nà. Mo gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jó o. Mo jó ìwé márààrún pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n tò sínú rẹ̀ bí ẹni pé wọn ò jóná rí.

Mo pe Ṣọlá. Mo ní kó má lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní kí ló dé? Mo ní mo lá àlá ni. Mo lè sọ òótọ́ fún un, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ wá fún mi ní Mọ́níyà? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ dín ẹ̀wà alẹ́ kù."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo bá erùpẹ̀ pupa lórí orúkọ Ṣọlá kí ẹnikẹ́ni tó pè mí. Ṣọlá ti kú, ṣùgbọ́n obìnrin tó gbé sẹ́yìn ọ̀kadà kò kú. Ó ní bàbá arúgbó kan ló nawọ́ dá àwọn dúró. Ṣọlá fi káàdì rẹ̀ hàn án, bàbá náà wò ó, ó ní, "Orúkọ tèmi dà?" Ṣọlá yára tan ọ̀kadà, ó fẹ́ sá. Obìnrin náà ní òun kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìgbà yẹn ni mo gba abúlé lọ. Mo bá ìyàwó Bàbá Làmídì lórí ẹní, ó ń já ìdí ata. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi obìnrin, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bú mi.

Ó ní, "Mo ti mọ̀. Ó ti sọ fún mi. Ọkọ tìẹ náà ní ìwé, àbí?"

Mo ní, "Ó ní in, Ìyá."

"Ọkọ tèmi náà ní." Ó sì ń já ata rẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Lọ bá a níbi tó wà."

Inú bí mi lójú ọ̀nà. Mo bínú sí i, mo bínú sí òkú náà. Ṣé èmi ni mo fi ọkọ̀ gbá a ni? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣírò ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ẹlòmíràn tó, ọ̀dọ̀ mi ló ń padà sí, mo sì sunkún dé Mọ́níyà.

Mo ṣí dúrọ́ọ̀. Orúkọ ọkọ mi kò sí lórí ìwé karùn-ún mọ́. Orúkọ tèmi ni mo bá níbẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé ìgbéyàwó mi gan-an.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo kọ́kọ́ dúpẹ́ ni, torí Bàbá Sọfíyá ti bọ́. Mo tún ní, èmi tí mi ò gun ọ̀kadà rí, tí mi ò dé bọ́dà rí, ibo ló ti fẹ́ rí mi?

Àmọ́ àwọn ọlọ́kadà ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bàbá arúgbó kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀ ń dá àwọn dúró ní Ìgànná, ó ń yẹ ìwé wò, á sì dá a padà fún wọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti rí i. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìjàyè ni, ó ti sún mọ́ Mọ́níyà.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí. Ìwọ ọkùnrin Ẹgbẹ́dá tó dé fìlà dúdú wá sọ́dọ̀ mi, àti ìwọ ará Lálùpọn tí ọ̀kadà rẹ jẹ́ búlúù: mi ò ní nọ́ńbà fóònù yín. Ẹ má gùn ún jáde. Ẹ mú káàdì yẹn padà wá fún mi, kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sójú oórì rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, tara mi ni mò ń ṣe, torí lẹ́yìn yín, ó kàn mí. Ẹ̀yin yòókù, ẹni tí kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gba ìwé rẹ̀, bí bàbá kan bá dá a dúró lọ́nà Ìjàyè, kó má sọ pé ìwé òun pé.

Àná ni mo wò wọ́n kẹ́yìn, ìwé kẹta àti ìkẹrin ṣì mọ́. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, òórùn ata gbígbẹ ló pàdé mi. Mi ò tíì lè ṣí dúrọ́ọ̀ náà.