Ọgọ́fà Lórí Ọgọ́rin

Ẹ̀gbọ́n mi ló tẹ ìwé náà fúnra rẹ̀. Ìwé pélébé aláwọ̀ ewé ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní àyè fún ọjọ́, fún ohun tí ẹ̀rọ sọ, fún oògùn àti àgbo tí èèyàn lò, pẹ̀lú ìbéèrè kan ní ìsàlẹ̀: "Báwo ni ara lónìí?" Ó gé etí wọn, ó dì wọ́n, ó kó wọn jọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í dákẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Dókítà tó ni iṣẹ́ náà wá kó o. Obìnrin ni, kò tíì pé àádọ́ta ọdún, irú dókítà tó ń tọ́jú gbogbo ìdílé, láti orí ìyá àgbà dé orí ọmọ ọwọ́. Ó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwa ará Ṣómólú àti Bárígà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé, bí èèyàn bá ń lo oògùn òyìnbó rẹ̀, tí kò fi àgbo tó ń mu pamọ́ fún dókítà, tó sì ń jókòó jẹ́ẹ́ láràárọ̀ kí ọkàn rẹ̀ máa ṣọ́ èémí rẹ̀, ṣé ìlera rẹ̀ á tọ́jọ́ ju ti ẹni tó kàn ń gbé oògùn mì?

Bó ṣe ń ka iye ìwé náà lọ́wọ́, ó gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ fún mi lápá yín."

"Apá mi kẹ̀? Ìwé lẹ wá gbà."

Ó fa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yọ nínú báàgì. Ẹ̀rọ náà fún apá Ẹ̀gbọ́n, ó sì tú u sílẹ̀. Dókítà wo iye tó gbé jáde, ó kọ oògùn fún un. Ó fa ìwé kan yọ nínú ìdì, ó fi kún ẹ̀rọ náà fún un. "Èyí àkọ́kọ́, tiyín ni."

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ogún ọdún. Ilé mi ò jìnnà sí ti Ẹ̀gbọ́n ní Bárígà, mo sì máa ń yà kí i láàárọ̀ kí n tó lọ wọkọ̀ ní Onípanu. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò lè kọ nǹkan dáadáa sínú àyè tóóró tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ yẹn. Bí mo ṣe di akọ̀wé rẹ̀ nìyẹn. "Akọ̀wé mi" náà sì ni ìyàwó rẹ̀ ti ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, nítorí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, àwọn tó wà nínú ìwádìí náà máa ń pàdé ní gbọ̀ngán kékeré kan nítòsí Onípanu. Mo tẹ̀ lé Ẹ̀gbọ́n lọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Dókítà á ní kí wọ́n pa ojú dé, kí wọ́n máa tọ èémí lẹ́yìn bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde. "Bí ọkàn bá sá lọ sọ́jà, ẹ má bá a jà. Ẹ rọra pè é padà wálé." Jẹnẹrétọ̀ á máa dún lójúlé kejì. Àlàájì kan á ti sùn lọ.

"Àlàájì, ẹ̀ ń hanrun."

"Irọ́ ni. Èémí mi ni mò ń ṣọ́."

"Ẹ ṣọ́ ọ dáadáa o, kó má gbé yín lọ," ìyá aránṣọ kan láti Abúlé Òkúta dáhùn, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá yìí kan náà ló béèrè pé, "Dókítà, tí ẹ̀rọ bá sọ nǹkan tí kò dáa, ṣé dandan ni ká kọ ọ́?"

"Dandan ni, Mà. Torí ẹ̀ la ṣe wà níbí."

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn wolẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. Bí o bá bi àgbà pé ara ńkọ́, "a dúpẹ́" ni yóò sọ, bí orí tilẹ̀ ń fọ́ ọ. Ẹnu kì í gba àìsàn.

Láàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n á ti wọn ara rẹ̀ kí n tó dé. Á pè é fún mi: "Ọgọ́fà lórí ọgọ́rin." Mo kọ ọ́. Ara ńkọ́? "A dúpẹ́." Mo kọ ìyẹn náà.

Ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ ni mo máa ń kọ. Bí mo ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ́ mi pé bí ẹlẹ́rìí bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́, tí kò fi kún un, tí kò yọ kúrò níbẹ̀, kí n lọ wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo mọ èyí. Mo sì kọ ọgọ́fà lórí ọgọ́rin fún oṣù méjì.

Nígbà tí Dókítà bá wọ̀n ọ́n ní gbọ̀ngán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ga. Dókítà á yẹ ìwé wò. "Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn rí dókítà báyìí, ẹ̀jẹ̀ wọn á fò sókè. Èyí tẹ́ ẹ wọ̀n nílé ni mo gbàgbọ́, Bàbá." Ó dín oògùn rẹ̀ kù sí ìdajì. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n bá òun kí akọ̀wé rẹ̀, ìwé náà mọ́ tónítóní.

Kò pẹ́ sígbà náà ni oníbàárà kan dá ìwé ètò ìsìnkú padà, pé etí rẹ̀ wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó lè fi ojú lásán gé ìwé kó tọ́! Ó ní abẹ ló kú. Wọ́n pààrọ̀ abẹ, ó tún wọ́. Lọ́jọ́ kejì, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ lójú mi. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò, ó sì fi òsì ṣa àfọ́kù.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo débẹ̀, ó ti jáde. Ìyàwó rẹ̀ pè mí wọlé.

"Akọ̀wé mi, ẹ wá wo nǹkan." Ó gbé ẹ̀rọ náà dání. "Wọ́n fi hàn mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tẹ́ ẹ bá tẹ ibí yìí, gbogbo èyí tó ti wọ̀n sẹ́yìn ló máa padà wá."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ọgọ́sàn-án. Àádọ́wàá. Ọgọ́sàn-án. Igba. Ó ń tẹ̀ ẹ́, mo ń wò ó. Kò sí ọgọ́fà kankan níbẹ̀.

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ ọ́."

Mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ tààrà. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n rí mi, ó pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

"Oníròyìn, ta ló rán ọ?"

"Ẹ̀rọ yín ló rán mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Wò ó, obìnrin yẹn ń fara ṣiṣẹ́ fún wa. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ já mọ́ nǹkan. Ìwé tèmi ló fẹ́ fi hàn wọ́n. Ṣé èmi tí mo tẹ ìwé ló tún yẹ kí n bà á jẹ́? Àti pé, mi ò lè máa fi ẹnu ara mi pe irú nǹkan yẹn láràárọ̀. Ẹni bá pè é ti gbà á."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá a lónìí."

"Kí Ọjọ́bọ̀ kọjá. Èmi fúnra mi á sọ fún un. Ọjọ́ méjì péré, mo bẹ̀ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ò bẹ̀ mí rí. Òun ló rán mi lọ sílé ìwé. Mo ní ó dáa.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn àlejò jókòó lẹ́bàá ògiri. Iná wà, jẹnẹrétọ̀ ò dún, gbọ̀ngán náà sì dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà ní kí gbogbo èèyàn pa ojú dé. Èmi ò pa tèmi dé. Mo rí i tí orí Ẹ̀gbọ́n rọra fì sápá ọ̀tún.

Àlejò kan nawọ́ sí i. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ wo bí Bàbá ṣe farabalẹ̀." Wọ́n mi orí. Èmi náà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

"Àlàájì o," ìyá aránṣọ ní, láìlajú.

"Kì í ṣe èmi," Àlàájì dáhùn.

Ọwọ́ ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n yọ̀ kúrò lórí itan, ó ń fì. Mo ti dìde, àmọ́ Dókítà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kò kú. Ọwọ́ náà ò gbé nǹkan mọ́, ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu rẹ̀, àfi ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé láti ilé ìwòsàn, Dókítà wá. Ó béèrè ìwé aláwọ̀ ewé, ó ṣí i lórí itan rẹ̀.

"Ṣé ẹ máa ń wo ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́?"

"Rárá."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó fi ìka kà á: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀. Kò pariwo. "Torí ohun tẹ́ ẹ kọ síbí ni mo ṣe dín oògùn Bàbá kù."

Mo ní kó yọ ìwé náà kúrò nínú ìwádìí rẹ̀. Ó ní òun ò ní yọ ọ́. Ó ti ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó wà nínú ìwádìí náà pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn wá, kí òun fúnra òun tẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán. Ó pẹ́ kí Dókítà tó jáde, nígbà tó sì jáde, kò sọ iye ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá ẹ̀rọ mu. Ìyá aránṣọ Abúlé Òkúta ò gbé tirẹ̀ wá. Ó ní ó ti bàjẹ́.

Èmi ni mo ń so ẹ̀rọ mọ́ Ẹ̀gbọ́n lápá òsì báyìí láràárọ̀.

"Ara ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"A dúpẹ́," ó ní, láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

Mo yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ ara mi, mo sì kọ ọ́: ọgọ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún.