Ilé Onírọ́bà

Bí mo ṣe tú bulọ́ọ̀kù ìṣeré tí mo rà fún ọmọ mi, òórùn rọ́bà tuntun gbòde, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní jẹ́lé-ó-sinmi wa ní Kétu, orí kọ́bọ́ọ̀dù ni bulọ́ọ̀kù máa ń wà, nínú ọ̀rá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn àlejò wá láti ìjọba. Àǹtí tíṣà wa da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: "Oyà, ẹ máa ṣeré!" Mo kọ́ ilé pupa. Bí mọ́tò àlejò ṣe jáde ní géètì, Àǹtí fẹsẹ̀ wó o.

"Àǹtí, ṣé kò dáa ni?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún!"

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kí àwọn àlejò yẹn lè rí i nìkan ni wọ́n ṣe ra bulọ́ọ̀kù náà.

Ọmọ mi ti kọ́ ilé tiẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà báyìí. Ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀, kó fẹsẹ̀ kàn án.