Ẹ̀rọ Ojú Ọ̀run àti Agolo Òjò Sákétẹ́

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Dahomey gba òmìnira, èmi ni mo ń wọn òjò ní oko ọ̀pẹ kan ní Pobẹ̀. Ọmọge ni mí nígbà náà. Láràárọ̀, màá da omi inú agolo òjò sínú ìgò tó ní ìlà lára, màá sì kọ iye ìlà tó dé sílẹ̀. Ọ̀gá mi, ará Àjàṣẹ́, ló ń fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó ń kó ìròyìn òjò jọ ní Kútọnu.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mú ìwé ìròyìn wá. Àwòrán ìkùukùu wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n láti òkè ni wọ́n ti yà á. Ó ní satẹlíìtì ló yà á, ẹ̀rọ kékeré kan tí àwọn òyìnbó ta sí ojú ọ̀run, tó ń yí ayé po, tó ń wo bí òjò àti afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn. Orí mi wú. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni èmi àti ẹ̀rọ yẹn jọ ń ṣe.

Ìgbéraga yìí ni mo gbé dé Sákétẹ́, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta aṣọ, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá. Ìyá fẹ́ sá láfún, ó sì ń wo ojú ọ̀run tìfura-tìfura. Mo ní kó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé àwa tí a ń bá satẹlíìtì ṣiṣẹ́ mọ̀ pé òjò kò ní í rọ̀. Ó gbà mí gbọ́. Kí oòrùn tó yí, òjò dé, láfún sì di ẹ̀kọ.

Ọjọ́ kẹta, Ìyá bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù níwájú ọ́fíìsì wa, abọ́ láfún tó ti kan lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ọ̀gá fún un ní àga, ó sì ṣàlàyé fún un pé ẹ̀yìn ìkùukùu ni ẹ̀rọ náà ń rí. Kò mọ àgbàlá tí òjò rọ̀ sí, kò sì mọ bó ti pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí àwa tí a wà nílẹ̀ fi ń wọ̀n ọ́n.

Ìyá ronú díẹ̀. Ó ní, "Orí ló ń wò, kò rí ẹsẹ̀. Ẹ fún èmi náà ní agolo kan. Màá máa sọ ti ẹsẹ̀ fún un."

Bí Ìyá ṣe di oníṣẹ́ òjò nìyẹn. Ó fi igi ẹlẹ́gùn-ún sọgbà yí agolo náà ká nítorí ewúrẹ́. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, á ka ìlà ara ìgò, á rán awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Pobẹ̀ sí wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ ní Ìyá ní ìlà àádọ́ta. Pobẹ̀ gbẹ táútáú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní ó ní láti jẹ́ pé omi ìwẹ̀ ni Ìyá bù sí i. Inú bí mi, mo ní kí a lọ fojú ara wa rí i. Ó gbé mi sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, a forí lé Sákétẹ́. Eruku ni a jẹ títí, àfi bí a ṣe sún mọ́ ìlú tí ilẹ̀ tutù, tó ń yọ̀. Níwájú ilé Ìyá gan-an, alùpùpù lọ sọ́tùn-ún, ọ̀gá lọ sósì, èmi jókòó sínú ẹrẹ̀ láàárín wọn.

Ìyá jáde, ó wò wá tán. "Ọ̀gá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìlà mélòó ni ẹ bá níbẹ̀?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bẹ Ìyá, ó wẹ̀, ó jẹun, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àádọ́ta.

Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ mi lọ sí ọ́fíìsì Kútọnu, Ìyá ti ń fi ìlà tirẹ̀ rán awakọ̀ Kútọnu tààrà, ó sì yà mí lẹ́nu pé ti Sákétẹ́ ló ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ wa. Ti Pobẹ̀ ni a máa ń dúró dè.